Ẹmu tàbí wáìnì pupa? Èyí tó bá oúnjẹ Ìgbómìnà mu, àti ìdí táwọn adẹ́mu fi ń dín kù

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Báyìí làwọn baba wa ṣe to oúnjẹ sípò sípò, tí wọ́n fún kálukú ní oyè tó tọ́ sí i. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò fi sínú òwe náà: kí ni èèyàn yóò fi ti oúnjẹ ọ̀hún sọ̀kalẹ̀? Bóyá wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ni. Nígbà náà, bí kì í bá ṣe omi àmù, a jẹ́ pé ẹmu ni.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lóde òní. Bí ẹ bá dé ibi ìdána, ìsìnkú àgbà tàbí ìwúyè nílùú Rórẹ́, Ọ̀mù-Àrán, Èsìẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà nípìnlẹ̀ Kwara, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgò wáìnì pupa tó wá láti òkè òkun lẹ máa bá láàárín tábìlì àwọn àlejò pàtàkì. Ẹmu náà lè wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilé ló sábà máa ń wà, lọ́dọ̀ àwọn onílù àtàwọn tó ń dáná. Ohun ilé ti di ohun ẹ̀yìnkùlé, ohun àjèjì ló wá jókòó ní pálọ̀.

Ohun tá a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe èwo ló dùn jù nínú méjèèjì, nítorí ohun tó wu ẹnu lẹnu ń jẹ. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni èyí tó bá ata, epo, ẹ̀gúsí àti ẹran wa mu, àti ohun tó fà á tí èyí tó bá a mu náà fi ń wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì so mọ́ra wọn. Ohun tí a kò bá mọ iyì rẹ̀, a kì í sanwó gidi fún un. Bí a kò bá sì sanwó gidi fún un, ẹni tó ń ṣe é á fi í sílẹ̀, á wáṣẹ́ míì lọ.

Ká tó lọ jìnnà, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí kì í fi ọtí kan ẹnu, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìlera. A kò wá fi ọtí lọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹmu kan ẹni tó ní ọ̀pẹ lóko, ó kan ẹni tó ń gbàlejò, ó sì kan ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gun ọ̀pẹ jẹun.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÌGÒ PUPA YẸN?

Ọ̀pọ̀ wáìnì pupa tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ló wá láti àwọn ilẹ̀ tó yí òkun Mẹditaréníà ká, ìyẹn òkun tó pààlà sáàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù. Ítálì, Sípéènì, Faransé àti Gíríìsì wà lápá òkè. Algeria, Tunisia àti Morocco wà lápá tiwa níhìn-ín. Àní nígbà tí ìjọba Faransé ṣì ń ṣàkóso Algeria, kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira lọ́dún 1962, ó wà lára àwọn tó ń fi wáìnì ránṣẹ́ sókè òkun jù lọ láyé. Nítorí náà, wáìnì kì í ṣe ohun òyìnbó nìkan bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Wọ́n ń pè é ní Cannonau, erékùṣù Sardinia tó jẹ́ ti Ítálì ló ti ń wá. Èso àjàrà tí àwọn Faransé ń pè ní Grenache ni wọ́n fi ń ṣe é. Oòrùn ilẹ̀ náà mú, èyí ló ń jẹ́ kí èso náà ní ṣúgà púpọ̀. Ṣúgà yìí ni ìwúkàrà máa ń jẹ, tó sì ń sọ di ọtí. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni ọtí inú rẹ̀ ṣe ń le tó, ìdí nìyẹn tí ọtí líle inú Cannonau fi sábà máa ń tó ìdá 13 tàbí 14 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọ̀ pupa rẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe omi inú èso ló pupa. Bí ẹ bá fún ọ̀pọ̀ jù lọ àjàrà dúdú, omi tó máa jáde kò ní fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀. Èèpo rẹ̀ tí wọ́n rẹ mọ́ omi náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń fún un ní àwọ̀. Inú èèpo àti kóró yẹn náà ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní tannin ti ń jáde. Ẹni tó bá ti jẹ obì tàbí orógbó mọ tannin lẹ́nu, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òun ló ń fa ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀, táá jẹ́ kí ẹnu gbẹ.

Àwọn ará Sardinia kò kàn ń dá wáìnì yìí mu. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iná igi sun, ẹran àgùntàn, àti wàrà líle tí wọ́n fi wàrà àgùntàn ṣe ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ó nídìí. Ọ̀rá àti èròjà inú ẹran máa ń di tannin mú kó má lè fa ẹnu pọ̀, wáìnì náà á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Iyọ̀ inú wàrà náà a tún máa dín kíkorò rẹ̀ kù. Oúnjẹ wọn àti ọtí wọn ti jọ dàgbà pọ̀ ni, wọ́n mọ ìwà ara wọn.

ÌGBÀ TÍ WÁÌNÌ PUPA BÁ PÀDÉ ATA RODO

Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n dá wáìnì yẹn sí kò ní ata rodo nínú. Ọtí líle àti ata, iṣan kan náà ni wọ́n jọ ń ta lẹ́nu èèyàn. Bí ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ta dáadáa bá gbé wáìnì pupa tó le mì lé e, iná ló fi kún iná. Tannin náà á tún fa ẹnu tí ata ti bó pọ̀, kíkorò wáìnì ọ̀hún á wá yọ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ àlejò fi máa ń mu ìdajì kọ́ọ̀pù, tí wọ́n á gbé ìyókù sílẹ̀, tí wọ́n á sì ní wáìnì náà kò dáa. Ohun tí wọ́n fi mu ún ni kò bá a mu.

Bí ó bá jẹ́ pé wáìnì pupa ni ẹ ní nílé, tàbí ọmọ kan ló gbé e wá láti ìlú òyìnbó, ẹ má wulẹ̀ fi ṣòfò. Ẹ fi jẹ ẹran tí ẹ sun tàbí tí ẹ dín láìfi ata púpọ̀ sí i. Ẹ fi jẹ wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé wá sọ́jà, kí ẹ dín in, kí ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Iṣu sísun pẹ̀lú epo náà kò burú. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: àwọn tó sọ pé kí wọ́n má fi wáìnì pupa sínú fíríìjì, òtútù yàrá tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń sọ. Ìwọ̀n 15 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fẹ́ kó wà. Nínú oṣù kẹta níhìn-ín, yàrá wa lè ju 30 lọ. Wáìnì tó gbóná báyẹn, òórùn ọtí líle nìkan ló máa bo èèyàn nímú. Ẹ gbé e sínú fíríìjì tàbí omi tútù fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i.

ẸMU, ỌTÍ TÓ Ń FI WÁKÀTÍ DÀGBÀ

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Ẹmu kò ní ọjọ́ orí bíi wáìnì tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún mẹ́wàá. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka tiẹ̀. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á gé òdòdó akọ tó wà lórí rẹ̀, á sì fa omi rẹ̀ sínú agbè. Ẹ kíyè sí i pé akọ òdòdó ló ń dá, kì í ṣe abo tó ń so ẹyìn. Orí ọ̀pẹ kan náà ni méjèèjì wà, àkókò tí wọ́n ń yọ ni kò dọ́gba. Nítorí náà, ọ̀pẹ tí adẹ́mu tó mọṣẹ́ bá ń dá lórí ìdúró lè máa fúnni lẹ́mu, kó sì tún máa so ẹyìn. Àmọ́ ẹni tó bá wó ọ̀pẹ lulẹ̀ kó tó dá a, ó ti jẹ ẹyin, ó ti jẹ adìyẹ.

Omi tó ń kán sínú agbè yẹn, nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ṣúgà, irú ṣúgà tó wà nínú ìrèké gan-an. Bó ṣe ń kán báyìí ni ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára òdòdó àti lára agbè àná ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, ọtí á ti wọnú rẹ̀. Tó bá fi máa pé ọjọ́ kan gbáko, ọtí inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bíà. Lẹ́yìn èyí, àwọn kòkòrò àìfojúrí míì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwúkàrà, wọ́n á máa sọ ọtí di kíkan, títí tí kò fi ní ṣeé mu mọ́.

Ẹ ò rí i pé ẹmu kan náà ni wáìnì mẹ́ta. Ti àárọ̀ dùn, ó mọ́lẹ̀ lẹ́nu, kò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Ti ọ̀sán ń hó, ó ti dàpọ̀ mọ́ kíkan díẹ̀, ó sì ń ta ahọ́n. Ti alẹ́ àti ti ọjọ́ kejì kan, ó le, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní adùn mọ́. Ẹni tó ń bínú pé ẹmu òun ti kan kò mọ̀ pé oúnjẹ tó yẹ kó fi mu ún ló ti yí padà.

OÚNJẸ TÓ BÁ WÁKÀTÍ KỌ̀Ọ̀KAN MU

Ẹmu àárọ̀ ni ọ̀rẹ́ ata. Adùn máa ń pa oró ata, ọtí rẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti fi kún un. Iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ta, ẹran tí wọ́n fi ata rodo sun, àkàrà gbígbóná tó ní ata àti àlùbọ́sà, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń bá ẹmu tuntun rẹ́. Ohun tí wáìnì pupa kò lè ṣe, ẹmu agogo mẹ́wàá àárọ̀ á ṣe é láìlàágùn.

Ẹmu ọ̀sán tó ń hó ni ti ohun tó lọ́ràá. Híhó rẹ̀ àti kíkan díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ máa ń fọ epo kúrò lẹ́nu, bí ìgbà téèyàn fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹran díndín. Ẹ fi jẹ ẹran ewúrẹ́ sísun, ẹja díndín, iṣu sísun tí ẹ fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ, ẹ̀pà sísun, tàbí wàrà díndín. Àwọn tó fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ náà mọ̀ pé àsìkò yìí ni ẹran gbígbẹ tó ní òórùn èéfín máa ń dùn pẹ̀lú rẹ̀ jù.

Ẹmu alẹ́ tó ti kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà nù, bẹ́ẹ̀ ó ní oúnjẹ tirẹ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà gan-an. Ìsápá ni. Ọbẹ̀ ìsápá tí a fi ẹ̀gúsí sè máa ń kan fúnra rẹ̀. Ohun tó sì dájú nípa ahọ́n ni pé oúnjẹ tó kan máa ń jẹ́ kí ọtí tó kan dà bíi pé kíkan rẹ̀ ti dín kù. Kíkan pàdé kíkan, wọ́n á wá tu ara wọn lójú. Àmọ́ ẹ má fi ẹmu kíkan mu dòdò tàbí ohunkóhun tó dùn, nítorí adùn oúnjẹ náà á tú àṣírí kíkan ẹmu, á wá dà bí ọtí kíkan.

Obì ńkọ́? Àwọn àgbà tó máa ń jẹ obì kí wọ́n tó gba ahá ẹmu kò ṣì í ṣe. Bí èèyàn bá jẹ obì, tó mu omi lásán lé e, omi náà á dùn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí pẹ̀lú ẹmu tó ti fẹ́ kan. Obì ló ń tún un ṣe.

ÒGÙRỌ̀ ÀTI ÒTÍKÀ

Ẹmu ọ̀pẹ nìkan kọ́ la ní. Ògùrọ̀ wà létí àbàtà àti odò. Igi tirẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pẹ ẹlẹ́yìn, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, kó tó kú. Nígbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó yẹn ni wọ́n ń dá a. Èyí túmọ̀ sí pé igi ògùrọ̀ tí a bá dá tán, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń dá ògùrọ̀ láìgbin òmíràn, ogún ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ ẹmu dunjú gbà pé ògùrọ̀ rọ̀ lẹ́nu ju ẹmu ọ̀pẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi dára fún ẹja àti ọbẹ̀ tí kò lágbára púpọ̀.

Bó bá sì jẹ́ àwọ̀ pupa ló wu èèyàn nínú wáìnì, ọtí ọkà bàbà wà, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní òtíkà, tí àwọn ará Àríwá ń pè ní bùrùkùtù. Wọ́n á rẹ ọkà, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gbà. Bí èèpo àjàrà ṣe ń fún wáìnì ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni èèpo ọkà pupa ń fún òtíkà ní tirẹ̀. Ó nípọn, ó ń kan díẹ̀, ó sì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Oúnjẹ lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ẹ̀pà, ẹran gbígbẹ àti iṣu sísun ló bá a mu. Ẹni tó ti jẹ iyán yó kò nílò rẹ̀.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÁ ẸMU GIDI MỌ̀

Ẹmu ti di ohun tí àwọn kan ń fi omi là, tí wọ́n sì ń fi sàkárín sí kó lè dùn padà. Àmọ́ ọgbọ́n kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ìwúkàrà máa ń jẹ ṣúgà ẹmu, kì í jẹ sàkárín. Nítorí náà, ẹmu gidi kò lè máa dùn bí oyin títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé wọ́n gbé e sínú yìnyín tàbí wọ́n sè é. Ẹ bu díẹ̀ sílẹ̀ nínú ife di ọjọ́ kejì. Bó bá kan, ẹni tó tà á fún yín kò purọ́. Bó bá ṣì dùn kalẹ̀, tí kò sì hó mọ́, ẹ mọ̀ pé sàkárín lẹ ń mu.

Ohun mìíràn ni kẹ́ẹ̀gì. Ẹmu tó ń hó máa ń mú afẹ́fẹ́ jáde, ẹ má ṣe dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pa pátápátá, kó má baà bú gbàmù. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi gbé epo pẹtiróòlù tàbí oògùn apakòkòrò rí, kò sí fífọ̀ tó lè sọ ọ́ di ohun èlò ẹmu. Agbè ló dára jù, bí a bá ń fọ̀ ọ́ dáadáa.

IBI TÍ EWU WÀ

Ọ̀tọ̀ ni ẹmu, ọ̀tọ̀ ni ògógóró tí wọ́n ń sè jáde lára rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó kú lójijì lágbègbè Òde-Ìrèlè, nípìnlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan kọ́kọ́ ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn lẹ́yìn náà pé ọtí onímájèlé tó ń jẹ́ methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Láìpẹ́ sígbà náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nípìnlẹ̀ Rivers. Methanol kò ní òórùn tó yàtọ̀, ó lè fọ́ ojú èèyàn, ó sì lè pani. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ògógóró ti wá, kó má fi kan ẹnu.

Àwọn ìyá wa àgbà máa ń ní kí abiyamọ mu ẹmu kí ọmú lè wà. Àwọn dókítà ò fara mọ́ èyí, nítorí ọtí tí ìyá bá mu máa ń dé inú wàrà ọmú. Bẹ́ẹ̀ làwọn kan máa ń fi ẹmu tọ́jú ọmọ tí èéyí mú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà èéyí, ilé ìwòsàn sì ni ibi tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ tó mú lọ, níbi tí wọ́n ti lè fún un ní fítámìn A. Òótọ́ ni pé ẹmu ní fítámìn ẹ̀yà B nínú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di oògùn ọmọdé. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rántí pé ṣúgà ni ẹmu àárọ̀, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì gbọ́dọ̀ fi òògùn rẹ̀ àti ọtí ṣeré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ gbangba lóṣù kìíní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Ahá kan lórí oúnjẹ yàtọ̀ sí kèrègbè kan lórí ikùn òfìfo, ẹni tó bá sì máa wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, kó fi méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun láàárín Yorùbá. Ìtàn ìṣẹ̀dá wa sọ pé ẹmu ló pa Ọbàtálá tó fi sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn Ọbàtálá kì í fi ẹmu kan ẹnu. Bẹ́ẹ̀ Ògún ní tirẹ̀, ẹmu wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Ìran tó mọ adùn ẹmu náà ló mọ ewu rẹ̀.

ÀWỌN TÓ Ń GUN Ọ̀PẸ DÀ?

Ẹni tó bá ka ìwé tí Amos Tutuola kọ lórí ọ̀mùtí, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, tàbí tó wo eré tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ṣe, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, á rántí pé gbogbo wàhálà inú ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí adẹ́mu já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tó sì kú. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ẹmu dá bíi tirẹ̀. Ọ̀mùtí ní láti rin ìrìn àjò dé ìlú àwọn òkú láti wá a. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Lónìí, ìtàn ọ̀hún ti fẹ́ jọ ìtàn tiwa.

Iṣẹ́ adẹ́mu le. Ojoojúmọ́ ló ń gun igi, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú igbà àti ọ̀bẹ. Ẹni tí igbà rẹ̀ bá já, bí kò bá kú, ó lè kán ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn dókítà eegun sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ irú wọn. Ẹmu kò mọ ọjọ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró de oníbàárà. Èyí tí kò bá tà lónìí, ó ti kan lọ́la. Abájọ tí àwọn ọmọ adẹ́mu fi ń lọ kọ́ iṣẹ́ míì, tàbí tí wọ́n ń gun ọ̀kadà ní Ìlọrin. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn tó wá láti ilẹ̀ míì ló ń dá ẹmu fún wa báyìí. Kò sí aburú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá padà sílé wọn, ta ló máa gun ọ̀pẹ?

Nǹkan tó ṣeé ṣe wà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀pẹ, NIFOR, tó wà nítòsí Benin, àti FIIRO tó wà ní Oshodi, Èkó, ti fi hàn tipẹ́ pé a lè sè ẹmu níwọ̀nba, kí ìwúkàrà inú rẹ̀ kú, ká sì rọ ọ́ sínú ìgò kó lè pẹ́. Adùn rẹ̀ kò ní rí bíi ti àárọ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ adẹ́mu ṣòfò. NIFOR yìí kan náà ló ń ta irúgbìn ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní tenera, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a bá gbìn ín sóko. Ọ̀pẹ tí kò tíì ga kò ní jẹ́ kí adẹ́mu fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu bíi ti èyí tó ga bí òpó iná. Yunifásítì Landmark tó wà ní Ọ̀mù-Àrán láti ọdún 2011, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́. Kò yẹ kí irú ọgbọ́n báyìí jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa.

Àwa tí a ń ṣe ayẹyẹ náà ní tiwa láti ṣe. Láti ọdún 1945 tí wọ́n ti ṣí ilé ọnà Èsìẹ́, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ni àlejò ti ń wá láti ibi gbogbo láyé láti wo àwọn ère òkúta. Àlejò tó kúrò ní Ítálì kò wá mu wáìnì Ítálì lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá ń ṣe ìdána tàbí ìsìnkú, ẹ bá adẹ́mu sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ san díẹ̀ sílẹ̀ fún un, ẹ sì jẹ́ kó mọ wákàtí tí ẹ fẹ́ kó gbé e dé. Ẹ ní kó gbé ti àárọ̀ wá fún àwọn tó máa jẹ iyán, kó sì gbé ti ọ̀sán wá fún àwọn tó máa jẹ ẹran sísun. Ẹ gbé e sínú agbè, kí ẹ bù ú sínú ahá, kí ẹ sì gbé e sórí tábìlì níwájú, kó má jẹ́ ti ẹ̀yìnkùlé mọ́. Bí ìgò wáìnì pupa bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó ti ẹran tí kò lata. Kálukú á rí àyè jókòó.

Owó tí a bá san fún adẹ́mu lọ́sẹ̀ yìí ló máa sọ bóyá ọmọ rẹ̀ á gba igbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí yóò so ó kọ́ sára ògiri títí ikán á fi jẹ ẹ́.